Ta Ni Yóò Ṣe Onídùúró? Ilé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ọmọ Tó Jáde Nílé Ìtọ́jú àti Obìnrin Tí Kò Ní Ibùgbé

 

Ìbéèrè ni mo gbé wá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé ọmọ aláìlóbìí, tàbí lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ìjọba fi í sí, tó wá pé ọdún 18: níbo ló ń sùn nígbà tí wọ́n bá ní kó máa lọ? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tí ẹbí ọkọ ti ilẹ̀kùn mọ́, tàbí èyí tó sá jáde lóru nítorí ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbátí: ta ló ń gbà á sílé, oṣù mélòó ló sì lè lò níbẹ̀ kí ojú onílé tó yí padà? Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tó ń gbé àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣubú kì í ṣe àìlówó nìkan. Àìní onídùúró ni.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ di òfin tirẹ̀ lọ́dún 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń gba ọmọ tọ́, bí a ṣe ń gba ọmọ ṣe tẹni, àti ojú tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa fi ṣọ́ ilé ìtọ́jú. Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú wa ló lé ọmọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó pé ọdún 18? Ọmọ tiwa ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọ yunifásítì, ó ń wálé wá gba gààrí àti owó ọkọ̀. Ó sin ìjọba tán, ó padà sínú yàrá tó ti ń sùn láti kékeré títí iṣẹ́ yóò fi jáde. Bí ó bá pé ọdún 27 tí kò tíì kúrò nílé, a ó ráhùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ yóò wà nínú ìkòkò. Ọmọ ilé ìtọ́jú, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó lè sá tọ̀, òun gan-an la wá ní kó tètè dàgbà ju gbogbo ọmọ yòókù lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rí i pé èyí kò tọ́. Nínú ìlànà tó gbé jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2009, ó ní kí wọ́n ti máa múra ọmọ sílẹ̀ kó tó jáde, kí ìtọ́jú sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó bá jáde tán.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń wá yàrá kan. Ẹni tó ń báni wá ilé mú un dé ọ̀dọ̀ onílé. Onílé bi í pé, "Ọmọ ibo ni ẹ́? Ta ni bàbá ẹ? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Owó ọdún kan gbáko ni wọn yóò ní kó san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà mìíràn ọdún méjì; owó àdéhùn àti kọmíṣọ̀n tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn yóò ní kó mú onídùúró wá, ẹni tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó ní àdírẹ́sì. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ bá télọ̀ tàbí wẹ́dà pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá bi í pé, "Ta ló mú ẹ wá?" Nítorí ní ilẹ̀ wa, òbí ló ń mú ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́ṣẹ́, òbí ló ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, òbí náà ni wọ́n ń retí lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù. Ó lọ sí báńkì, báńkì béèrè onídùúró. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Ọmọ tí wọ́n rí lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọlọ́pàá gbé wá sílé ìtọ́jú nígbà tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já, agboolé wo ni kó dárúkọ?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òdodo ni, ó sì ti ṣe wá láǹfààní púpọ̀. Ọ̀gá tó béèrè ẹni tó mú ọmọ wá kò ṣe ìkà. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò bi bí ọmọ náà bá jí owó oníbàárà sá lọ. Onílé tó béèrè onídùúró ti rí ayálégbé tó sá lọ lóru rí. Ṣùgbọ́n àṣà tó ń dáàbò bo ọmọ onílé yìí náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí kò ní ilé tí a lè wò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí gba kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ tó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, aṣọ híhun tàbí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà sábà máa ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń bá ìyàwó ọ̀gá gbé ọmọ. Ìyà wà nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, n kò ní fi bò. Síbẹ̀, ibùsùn àti iṣẹ́ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Lóde òní, ọmọṣẹ́ ń dé láàárọ̀, ó ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Òbí ló ń fún un lówó oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀, òbí ló ń ra sísọ́ọ̀sì àti téèpù tí yóò lò. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti di ohun tí ẹni tó nílé nìkan lè ṣe. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló sì máa ń gbà. Kò sí ẹni tó lè fi ọdún méjì sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù onílé, kí ilẹ̀ mọ́ kó jókòó ti ẹ̀rọ, kó gé aṣọ oníbàárà kó sì gún régé.

Ìjọba kò ṣàì ṣe nǹkan. Láti ọdún 1986 ni NDE ti wà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe, ó sì ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Àwọn olóṣèlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ aláàánú ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti dráyà ìṣerun. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tí kò nílé bá gba ẹ̀rọ ìránṣọ lónìí, níbo ni yóò gbé e sí lálẹ́? Bí ọmọ bá ń sunkún ebi, tí ẹni tó gbà á sílé sì ní kó wá ibi gbà, kí ni yóò tà? Ẹ̀rọ náà ni. A ó wá máa sọ pé aláìmoore ni, pé ẹ̀bùn tí wọ́n fún un kò ṣe é lóore. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. A fún un ní irinṣẹ́, a kò fún un ní ilẹ̀ tí yóò gbé e kà.

Ibùsùn láìsí iṣẹ́ kò sì tó. Lọ́dún 2001, Project Alert, ẹgbẹ́ tó ń jà fún obìnrin ní Èkó, ṣí Sophia's Place, ilé ààbò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tí ọkọ ń lù. Ohun ńlá ni wọ́n ṣe, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ìta. Ṣùgbọ́n ilé ààbò pàjáwìrì wà fún ìgbà díẹ̀: kí ọgbẹ́ jinná, kí ẹjọ́ dé kóòtù, kí obìnrin rí àyè mí. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Obìnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò lè san owó ilé ọdún kan, ibi tó lè lọ kò ju ìgboro lọ, tàbí kó padà sílé ọkùnrin tó ń lù ú. Ọ̀pọ̀ ló ń padà, a sì ń bú wọn pé ìyà ló wù wọ́n.

Ìjẹ̀bú ní ohun kan tó yẹ ká rántí níbí. Láyé àwọn ìyá wa, obìnrin tí ilé ọkọ kò rọgbọ fún ń padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní adálémosú, ẹlòmíràn sì ń fi bú u. Pẹ̀lú ìyẹn náà, yàrá wà fún un nínú agboolé, àyè wà lẹ́nu ọ̀nà tó lè dáná àkàrà sí, àwọn àbúrò sì ń bá a mójú tó ọmọ. Ilé ẹjọ́ pàápàá fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ yìí: nínú ẹjọ́ Lopez lọ́dún 1924, wọ́n dá a pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìní ẹbí bíi ti ọkùnrin. P. C. Lloyd, tó gbé ìwé jáde lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 1962, rí i pé Ìjẹ̀bú tiẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ Yorùbá yòókù, nítorí níhìn-ín èèyàn lè di ọmọ ẹbí láti ọ̀dọ̀ ìyá gẹ́gẹ́ bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ti opó ló ṣòro. Nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies lọ́dún 1929, àti nínú ti Suberu lọ́dún 1957, ilé ẹjọ́ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bí ẹbí ọkọ bá lé e, ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ilé bàbá náà ló ń parẹ́ lójú wa yìí. Wọ́n ti wó agboolé mìíràn, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ta òmíràn, àwọn ọmọ pín owó rẹ̀, kálukú gba Èkó lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gbé láàárín wa kì í sì í ṣe ọmọ ìbí ibí. Láti Bìnúé ni ẹlòmíràn ti wá, láti Kútọnu ni òmíràn, iṣẹ́ oko tàbí ọkọ ló gbé wọn dé. Bí ilé ọkọ bá dàrú, ibo ni ilé bàbá rẹ̀ wà?

Kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú rí. Ní Òwu-Ìjẹ̀bú, lágbègbè Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, abúlé ọmọ SOS kan wà. Ní Austria ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949, nígbà tí Hermann Gmeiner ń wá ilé fún àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí. Ètò náà dé Nàìjíríà lọ́dún 1973, Ìsọlọ̀ ní Èkó ló sì kọ́kọ́ dé. Ìyá kan, ilé kan, ọmọ díẹ̀ tí wọ́n ń jẹun pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ohun tó wù mí jù nínú ìlànà wọn ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ti dàgbà. Tó bá di ọ̀dọ́, ó ń kúrò nílé ìyá lọ sílé àwọn ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná, bí a ṣe ń nájà, bí a ṣe ń sebẹ̀ fúnra ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń lọ gbé ní ààyè ara rẹ̀, tí wọ́n ṣì ń ràn án lọ́wọ́ títí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi dúró. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn kì í ní kó fò láti òkè. Ṣùgbọ́n abúlé kan kò lè gba gbogbo ọmọ tó wà nílé ìtọ́jú káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìtọ́jú náà kò sì ní àtẹ̀gùn kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí bá Yorùbá dé òkè òkun. Láàárín ọdún 1950 sí 1980, ọ̀pọ̀ òbí wa tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́. Wọ́n máa ń kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́mọ. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí lọ́dún 1967, kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Tilbury ní Essex. Ó dàgbà láàárín àwọn tó ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ bú u, débi pé òun náà wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kọ́ ló yọ ọ́. Ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe fíìmù Farming tó jáde lọ́dún 2018. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn òbí kan nínú wa ṣì ń rò pé ọmọ alágbàtọ́ jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ tálákà kan lọ́nà jíjìn. Ọmọ tiwa ni, ọmọ àwọn tó ń kàwé ni.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wá gbà pé ọdún 18 kéré. Òfin ọdún 2000 ní kí wọ́n yan olùdámọ̀ràn kan fún ọmọ tó kúrò lábẹ́ ìtọ́jú. Ti ọdún 2014 gbà á láàyè kó dúró lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀ di ọdún 21 bí àwọn méjèèjì bá fẹ́. Ti ọdún 2017 sún iṣẹ́ olùdámọ̀ràn náà dé ọdún 25. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2008 gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti máa tọ́ ọmọ dé ọdún 21. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti First Place for Youth, ẹgbẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Oakland ní California lọ́dún 1998. Ẹgbẹ́ náà ló ń gba ilé lọ́wọ́ onílé, orúkọ tirẹ̀ ló ń wà nínú àdéhùn. Ọ̀dọ́ náà ń gbé ibẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ kan sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ yẹn sọ ara rẹ̀ di onídùúró.

Àwa náà ní àwòkọ́ṣe nílé. Ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ ń jẹ́ tó ẹ̀kọ́ fún wa. Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower lóṣù Kìíní ọdún 1956. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń sùn, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń kàwé. Nígbà tí wọ́n dá Báńkì Àwọn Ará Ìlú, People's Bank, sílẹ̀ lọ́dún 1989, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́, kí tálákà tí kò ní ohun ìdógò lè rí owó yá. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di yunifásítì lọ́dún 2005, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á lọ́dún 2025. Ó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ilẹ̀kùn ẹ̀ka yẹn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ilé ìtọ́jú tí kò ní máàkì JAMB, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi.

Ìjẹ̀bú-Òde náà ti dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, kó ará ìlú jọ láti gbógun ti òṣì. Inú akitiyan yẹn ni oko ẹja Eriwe ti jáde, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sin ẹja àrọ̀ pọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lọ́dún 2007 ni Mábògùnjẹ́ kọ̀wé lórí ohun tí wọ́n ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tó mú akitiyan náà dúró ni pé wọn kò kan pín owó kí wọ́n lọ: ilẹ̀ wà, adágún wà, ẹ̀kọ́ wà, ẹgbẹ́ sì wà tó ń ṣe onídùúró.

Ohun tí mo ń béèrè fún ni irú rẹ̀ tí ibùsùn wà nínú rẹ̀. Ìjagun kún fún ilé tí a kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí onílé díẹ̀ bá yọ̀ǹda yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ti wà nílẹ̀ láìfi búlọ́ọ̀kù kan lé búlọ́ọ̀kù. Kí ọ̀dọ́ tàbí obìnrin tó bá wọlé mọ̀ pé ọdún méjì ni òun ní, nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbà. Kó má san nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa san díẹ̀díẹ̀, kí apá kan owó náà sì máa wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní orúkọ rẹ̀, kó lè fi san owó ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń jáde. Obìnrin tó ní ọmọ kéékèèké gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a wo ọmọ lọ́sàn-án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò ní lè ṣe é ṣe. Kí a sì má kó gbogbo ọmọbìnrin sídìí irun dídì. Iṣẹ́ sọ́là ń pọ̀ sí i, títún fóònù ṣe ń pawó, gààrí Ìjẹ̀bú tí a bá fi sínú àpò tó dára tó ní nọ́ńbà NAFDAC ń rìn dé Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe onídùúró. Lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, a ń rí ẹwà wọn, inú gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ń dùn, kò sì yẹ kó dínkù. Ẹgbẹ́ tó lè pe ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jọ nínú aṣọ kan náà lè fọwọ́ sí ìwé fún ọmọ mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ náà mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kó sì wá gbà á lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù. Ní ti ìjọba, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ná wọn lówó: ọmọ tí a tọ́ ní Ìjẹ̀bú, tí a kò mọ òbí rẹ̀, kí a fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ yàrá kan sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbí. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ kan bá wá bá yín tí ẹ bi í pé ta ló mú un wá, tó sì dákẹ́, ẹ má lé e. Ẹ ní kó jókòó, kí ẹ wá onídùúró fún un láàárín wa. A ó rí i.